Ọkọ̀ Igi Tí A Lọ Rà ní Ẹ̀pẹ́, Tí Kò Gba Orúkọ

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jí lọ́jọ́ Tọ́sìdè yẹn. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni tó máa ń tètè jí o. Omi ló jí mi. Ẹni tó bá ń gbé Ajégúnlẹ̀ tiwa yìí, lápá ìsàlẹ̀ Owódé, kò nílò aago nígbà òjò. Tí omi bá ti kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, dìde. Mo ká ṣòkòtò dé itan, mo gbé bàtà lérí, mo ń wọ́ omi lọ sí títì. Ìyàwó mi na iná àtùpà sí mi láti ojú fèrèsé, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ mi, pé ẹni tí kò lè bọ́jú kó má di imú ni wọ́n rán lọ ra ọkọ̀ ojú omi.

Òótọ́ ló sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kàn mí.

Táyà ni mò ń lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Fọ́ọ̀mù Tuu ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, tàbí kí n sọ pé ìwé ló fi mí sílẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, omi mu àgbàlagbà dé ìbàdí ní òpópónà wa, ilé ìwé sì wà ní òdìkejì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo wá fẹ́ atẹ́gùn sí tiúùbù tírélà mẹ́rin, mo so wọ́n pọ̀, mo tẹ́ pákó lé e, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ló dára. Lọ́jọ́ kẹrin, tiúùbù kan jò nígbà tí tísà wọn wà lórí rẹ̀. Tísà jáde lómi, rẹ́jísítà kò jáde. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọ̀gá Omi.

Alájì Múrí, tó ń ta irin lójú títì, ní eré ọmọdé ni tiúùbù, òun máa jó ọkọ̀ onírin fún àdúgbò. Ó sì jó o lóòótọ́. Irin náà nípọn bí ilẹ̀kùn báńkì. Wọ́n kun ún ní pupa, wọ́n kọ ALÁJÌ MÚRÍ gàdàgbà síwájú rẹ̀. A gbàdúrà, a tì í sómi. Ó wọlé, kò sì padà jáde.

Bí a ṣe tún pe mítìn nìyẹn. Alájì ní òun á fún wa lówó ọkọ̀ igi. Mánéjà ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá tó wà ládùúgbò ní kọ́ḿpìnì òun fẹ́ ṣe dáadáa fún àwọn ará ibí, wọ́n á yá wa ní lọ́rì àti dírẹ́bà. A pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó wá kan orúkọ ta ló máa wà lápá tó kọjú sí títì, wákàtí méjì ni wọ́n fi jà sí i. Wọ́n kó agolo ọ̀dà méjì fún mi, àwọ̀ ewé fún Alájì, búlúù fún kọ́ḿpìnì, kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ kí n tó gbé e wálé. Alájì na ìka sí mi. Ó ní, "Bàbá Sìdí, tí kò bá sí orúkọ, kò sí ọkọ̀. Kò ní fẹsẹ̀ kan omi."

Sìdí ni ọmọ mi obìnrin. Ó wà ní Píráímárì Síìsì, ìdánwò àtiwọ Sẹ́kọ́ńdírì wọn sì ku ọ̀túnla, aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé. Àwọn mọ́kànlá mìíràn nínú kíláàsì rẹ̀ wà lápá tiwa tí omi ká mọ́. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìdí tí mo fi gba ìrìn àjò náà nìyẹn, torí èmi mọ bí ọdún tó ń bọ̀ ṣe máa ń rí. Èmi náà ti dúró dè é rí.

Sàká, dírẹ́bà, ti ń dúró dè mí lójú títì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ní Maìlì Twelve, àwọn tírélà láti òkè Ọya ti ń já tòmátì, wọ́n ń kí ara wọn pé "sánnú, sánnú," èyí tó dà bí ẹ kú iṣẹ́ tiwa, àfi pé tiwọn kì í tán bọ̀rọ̀. A ra kósé náírà mẹ́wàá mẹ́wàá. Àkàrà náà ni, ó kàn kéré sí tiwa, ó sì le díẹ̀, ìyẹn ni kì í fi í fọ́ sára ẹni nínú kòtò. Kòtò sì pọ̀. Láti ibẹ̀ dé Ìkòròdú, mo rò pé èmi náà ti di kósé.

Lẹ́yìn Ìkòròdú, afẹ́fẹ́ yí padà. Igbó bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ní Ìtóìkín, àwọn obìnrin ń na ìgbín sí wa láti ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni ń na ọwọ́ kí àlejò. Sàká bi mí bóyá mo mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ní mo mọ ìdajì rẹ̀. Ó ní ìdajì wo? Mo ní èyí tí wọ́n fi ń wọlé sómi.

Aago mẹ́jọ kọjá kí a tó dé Ẹ̀pẹ́. Ìlú náà wà lórí òkè, ọ̀nà sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀sà. Mo dúró wò ó. Ní ilé wa, omi ló ń wá bá èèyàn. Níbẹ̀, èèyàn ló ń lọ bá omi, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn. A jẹ ìkọ́kọrẹ́, ìyẹn iṣu ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ epo àti ẹja. Ọgọ́rin náírà, pẹ̀lú ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ní Kétu lọ́dọ̀ wa, ẹja ọgọ́rin náírà, òórùn rẹ̀ nìkan ni wàá bá nínú ọbẹ̀.

Bàbá Dáúdà ni wọ́n júwe fún wa, àgbà tó ń kan ọkọ̀ létí omi. Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀, ó fi imú dáhùn. Ọkọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti parí, ó gba ọmọ mẹ́rìnlá. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n ló pè é, mẹ́rìnlélógún la jọ fàbọ̀ sí. Mo wá gbé agolo ọ̀dà méjèèjì kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Bàbá yọ ìṣó lẹ́nu. Ó bi mí pé ta ni Alájì Múrí. Mo ní òun ló sanwó ọkọ̀.

"Ṣé òun ni yóò máa gbọ́n omi inú ẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè ta ni kọ́ḿpìnì, ṣé òun náà ní ọwọ́?

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ láti abúlé tó wà lókè odò, àwọn ọmọ ilé ìwé kún inú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tù ú, ìyẹ̀fun pákó kún irun rẹ̀ bí ẹni tó da fùláwà sórí. Mo wo ara ọkọ̀ náà yí ká, n kò rí orúkọ ẹnì kankan. Mo bi Bàbá pé ta ló ni ín.

"Èmi ni mo ni Mọ́ńdè," ni Bàbá wí. Ó ní àwọn onísọ́míìlì ló ni Tọ́sìdè, ọ̀kan nínú wọn ló wà nídìí rẹ̀ yẹn. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ló ni Fúráìdè. Ẹni tó lówó jù ní abúlé náà ló ni Wẹ́sìdè, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wá. "Tó bá jò lọ́jọ́ rẹ, ìwọ lo ni ín. Orúkọ kì í gbọ́n omi, ọmọ mi."

Ó ní òun kò ní ta ọkọ̀ tó máa gbé ọmọ ọlọ́mọ fún ìwé. Kí n sọ ẹni tó ni ọjọ́ kan, ó kéré tán. Mo wo Sàká, Sàká ń wo ọ̀sà. Mo ní èmi ni mo ni Sátidé. Bàbá Dáúdà mi orí pé ó dáa. Ó yí ọkọ̀ dojú dé, ó ṣí ọ̀dà Alájì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kun ìdí ọkọ̀. Mo pariwo. Ó ní ibẹ̀ ni omi ti ń jẹ igi, ibẹ̀ ni ọ̀dà wúlò sí. Nígbà tí ti Alájì tán, ó ṣí ti kọ́ḿpìnì. Kí oòrùn tó mú un gbẹ tán, ó ti fi ọkọ̀ mìíràn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ nínú omi tí kò jìn. Ìgbà mẹ́fà ni mo yípo lójú kan náà. Ewúrẹ́ kan tó ń mumi ṣí kúrò fún mi.

Kí a tó lọ, Bàbá kìlọ̀ pé igi tuntun máa ń kọ́kọ́ jò. Ẹ jẹ́ kó mumi yó, ẹ máa gbọ́n ọn títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, pákó á wú, á dákẹ́. Ẹ má fi sílẹ̀ o.

Lójú ọ̀nà, Sàká bi mí kí ni mo máa wí fún Alájì. Mo ní mo máa sọ pé olè ló jí orúkọ. Ó ní irú olè yẹn kò tíì dé Èkó.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la dé. Alájì ti wọ agbádá funfun, Mánéjà ti so táì, wọ́n ti pe oníyàwòrán. Àwọn ọmọ dúró sí òdìkejì, lápá tiwa, nínú omi, mo rí Sìdí láàárín wọn. Àwọn ọ̀dọ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ti tì í sómi kí ẹnikẹ́ni tó wí nǹkan kan. Alájì yí i po lẹ́ẹ̀mejì nínú omi, agbádá ń wọ́.

"Èmi dà?" ló wí.

"Ẹ wà lábẹ́, sà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ewúrẹ́. Ó ní kí wọ́n fà á jáde lómi, òun ti sọ tẹ́lẹ̀: kò sí orúkọ, kò sí ọkọ̀. Oníyàwòrán bèèrè bóyá kí òun máa lọ.

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti kígbe pé ó ń jò. Lóòótọ́, omi ti bo pákó inú rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Alájì, torí òun náà ló ni èyí tó kọ́kọ́ rì. Ó bi mí ní ohùn kékeré pé kí ni ẹni tó kàn án wí.

"Ó ní ẹni tó ni òní ni kó gbọ́n ọn."

"Ta ló ni òní?"

"Kò tíì sẹ́ni tó ni ín, sà."

Alájì wo òdìkejì, níbi tí àwọn ọmọ wà. Ó ṣí fìlà, ó gbé e fún Mánéjà. Ó bọ́ agbádá. "Ẹ mú garawa wá," ló wí, ó sì gun inú ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń gbé irin, kì í tètè rẹ̀ ẹ́? Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Mánéjà tú táì rẹ̀, ó fi fìlà Alájì sórí, ó bèèrè bóyá ẹnì kan ti ni Fúráìdè. Oníyàwòrán ya fọ́tò. Ẹ̀yìn Alájì nìkan ló hàn níbẹ̀.

Ọkọ̀ náà ni mo fi dé ilé. Alájì ń gbọ́n, èmi ń fi ọ̀pá tì, mo sì fi imú ọkọ̀ kan fèrèsé ara mi. Ìyàwó mi ṣí i. Ó wo Alájì, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Ọ̀gá Omi."

Nígbà tó di Sátidé, ọkọ̀ ti dákẹ́, kò jò mọ́. Mo gbé àwọn méjìlá kọjá ní aago méje. Kò sẹ́ni tó tutù àfi èmi.

Ohun tí mo kọ́ ní Ẹ̀pẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ Bàbá Dáúdà yẹn lọ, ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ lè fà á gùn. Ọkọ̀ igi náà ṣì ń ṣiṣẹ́, èèyàn méje ló ni ín, kò ní orúkọ. Ọkọ̀ irin náà ṣì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ń dán. Tí omi bá fà, àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀. Àwọn ló ni ín, láti Mọ́ńdè títí dé Sọ́ńdè.