Ọ̀nà Bídà Tí A Yà Sórí Ilẹ̀

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó dá mi lójú, nítorí pé rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè wọ Ọ̀fà ni nígbà tí àbúrò mi obìnrin ti odò dé, tó sọ ìkòkò omi kalẹ̀, tó sì sọ fún ìyá wa pé: "Ìyá, ẹ má fi èdè Tápà pè mí lójú ọ̀nà mọ́."

Tápà ni ìyá wa. Ọmọ Bídà ni. Bàbá wa, ọmọ Ọ̀fà, ló fẹ́ ẹ nígbà tó ń lọ ra káún lókè Ọya. Ẹ̀gúsí ni ìyá wa ń bó lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kàn dúró díẹ̀, ó sì tún ń bá iṣẹ́ lọ. Ìdúró díẹ̀ yẹn dùn mí ju ẹkún lọ. Mo mọ̀ pé mo máa ń ro nǹkan jù. Láti ìgbà tí mo ti jáde nílé-ìwé àwọn tíṣà, tí mo padà wálé wá dúró de iṣẹ́, àyà mi kì í yé já. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ náà, mo lè ṣàlàyé rẹ̀: ẹ̀rù ni pé àwọn àbúrò mi méjèèjì yóò dàgbà bí ẹni tó ní ìyá tí kò sì ní ilé ìyá.

Mo bi àbúrò mi obìnrin pé ta ló bú u.

"Àwọn ọmọ ìdí odò ni. Wọ́n ní, 'Tápà, wa ọkọ̀ ẹ máa lọ!'"

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní èmi kì í ṣe Tápà."

Mo mú ẹfun, mo kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ya Ọ̀fà, mo ya Ìlọrin, Jẹ́bà àti odò Ọya, mo sì fi Bídà sí òpin. Mo fa ọ̀nà kan gba àárín gbogbo wọn kọjá, mo pín in sí ojú kéékèèké. Owó ẹyọ mẹ́rin la ó máa dà sílẹ̀. Iye tó bá ṣí ẹnu sókè ni iye ojú tí kóró iṣin tí ènìyàn fi ń ṣeré yóò rìn. Kí ènìyàn tó jáde ní Ọ̀fà, ó gbọ́dọ̀ ja ìjàkadì, nítorí ta ni yóò pe ara rẹ̀ lọ́mọ Ọ̀fà tí kò ní í jà? Ẹni tó bá dé odò yóò jókòó sílẹ̀ wa ọkọ̀. Tí a bá ti sọdá, èdè Tápà la ó máa fi ka ìṣísẹ̀: nini, guba, guta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Bídà ló borí.

Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn wa, gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣubú, ó tún fẹ́ jà lórí omi. Ìyá wa fi ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Báyìí kọ́ la ṣe ń wa ọkọ̀," ó wí, ó sì jókòó sáàárín wọn.

Ìyàwó kékeré kan nínú agbo ilé yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà ọkọ mi, gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà, eré orí ilẹ̀ lẹ kó wálé?"

"Jókòó, ká jọ lọ sí Bídà."

"Ta ni yóò wá se ọbẹ̀?"

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa, olórí agbo ilé, fi dé bá wa lẹ́nu rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Tẹ́tẹ́ lẹ ń ta?"

"Rárá o, bàbá. Eré ni."

"Ta ní ń borí?"

Àbúrò mi obìnrin fi ayọ̀ dáhùn: "Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Bídà ni, bàbá!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sá kúrò l'Ọ́fà ló borí."

Ó fi ẹsẹ̀ nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ní bí òun bá tún rí i, bí oṣù tuntun bá lé, àwọn ọmọ méjèèjì yóò kó wá sọ́dọ̀ ìyàwó òun àgbà, wọn kò sì ní sọ Tápà mọ́ láé. Bàbá wa wà lẹ́nu àjò. Kò sí ẹni tí yóò bá wa dá sí i.

Inú bí mi, ojú sì tì mí pọ̀, nítorí pé níbi ọ̀rọ̀ ẹni tó borí, ẹ̀gbọ́n bàbá wa kò parọ́. Mo ti fi Ọ̀fà ṣe ibi tí a kàn ń kúrò. Mo tún òfin eré ṣe: ẹni tó bá dé Bídà yóò kí ìyá àgbà, ìyá ìyá wa, ní èdè Tápà, yóò sì gbé ìkíni rẹ̀ padà wá sí Ọ̀fà kí ó tó borí. Mo tún un ṣe nítorí pé ó tọ́. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mo sì fẹ́ ya eré náà sínú yàrá. Ìyá wa gba ẹfun lọ́wọ́ mi.

"Ẹnikẹ́ni kò jí mi gbé wá síbí. Wọ́n wá fẹ́ mi ni. Kí la wá ń sá pamọ́ fún?"

Òun fúnra rẹ̀ ló yà á sí iwájú ilé, ó sì tóbi ju tèmi lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn ọmọ ìdí odò rọ́ dé. "Èmi náà fẹ́ lọ!" ni ọ̀kan nínú wọn ń pariwo.

"Kà á ní Tápà kí o tó rìn," àbúrò mi obìnrin wí fún un.

"Nini, guba..."

"Kí ló kàn?"

"Mi ò mọ̀."

"Padà sínú odò!"

Àwọn àgbà tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa wà láàárín wọn. Kò nu ilẹ̀ lójú wọn. Ó kàn sún mọ́ mi, ó rọra sọ pé: "Oṣù ti fẹ́ẹ́ lé. Kó ẹrù wọn wá."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì dìde. "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, ọmọ Tápà ni wọ́n. Mi ò ní kó wọn wá."

N kò tíì kọ̀ fún àgbà rí, inú mi sì dàrú, bíi pé mo ṣẹ̀, bíi pé mo ṣe dáadáa, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa yí ẹ̀yìn padà, ó sì lọ.

Bàbá wa kò tíì dé. A ṣì ń ṣeré náà níwájú ilé lójoojúmọ́, a sì ń kà á sókè. Mo lè kó àwọn àbúrò mi wọ rélùwéè lọ sí Jẹ́bà, kí a ti ibẹ̀ lọ bá àwọn ará ìyá wa, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kúrò ní Ọ̀fà, tiwa ni. Mo sì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn tí yóò wá kó wọn bá dé, n kò kàn mọ bí mo ṣe lè lé àgbà padà láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ìlú méjì bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n ṣe bí oṣù bá lé tí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn?