Àwọn Eku Tí Kò Bì ní Oríta Sẹ́kọ́nà

Eku kì í bì. Bó jẹ májèlé pàápàá, kò lè bì í jáde, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn, n kò mọ èyí àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹyinjú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pọ́n bí epo.

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú ilé wa rí. Inú ń bí mi gidi.

Ìyá Sàídá ni ẹ̀gbọ́n mi. Alájue ni wọ́n ti ń dáko ẹ̀gẹ́, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Ní oríta Sẹ́kọ́nà, ọkùnrin kan wà tó ń fi mọ́tò ta oògùn, Dókítà Eléku ni wọ́n ń pè é. Ẹ fẹ́ mọ ìdí? Á gbé àgò eku funfun ka orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ tú oògùn sí ọ̀kan lẹ́nu lójú gbogbo èrò, á wá máa pariwo pé, "Ẹ wò ó dáadáa. Ó bì àbí kò bì? Ó kú àbí kò kú? Ṣé ara tiyín ò wá tó ti eku ni?" Èrò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà.

Ẹ̀gbọ́n mi náà rà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mu ún ni wọ́n ti ń bì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní, "Oníròyìn, fi mí sílẹ̀. Ìdọ̀tí ló ń jáde. Ohun tí eku mu tí kò ṣe é ní nǹkan kan, èmi abiyamọ ni yóò wá pa?"

Ó di ọjọ́ tí wọn ò lè dìde mọ́. Dókítà ọsibítù ní ẹ̀dọ̀ wọn ló ń bàjẹ́. Mo gbé ìgò oògùn náà lọ bá ìyá kan tó ń fi eku ṣe ìwádìí oògùn ní yunifásítì. N kò tíì rojọ́ tán tí wọ́n fi pòṣé.

"Eku kì í bì," wọ́n ní. "Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì máa ń yára ju tiwa lọ. Oògùn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ eku láàárọ̀, ẹ̀dọ̀ lè ti fọ́ ọ, kí kídìnrín sẹ́ ẹ, kó sì tọ̀ ọ́ dànù kílẹ̀ tó ṣú. Nínú ara ẹ̀gbọ́n yín, ti àná ṣì lè wà níbẹ̀ tí wọ́n tún fi da tòní lé e. Àwa gan-an kì í wo ojú eku ká ní ara rẹ̀ dá. A máa ń la inú rẹ̀ wo ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ bá mi bi í, ta ló la inú eku tirẹ̀?"

Sẹ́kọ́nà ni mo gbà lọ tààrà, mo sì bi í. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá mi, kí n máa la eku funfun, ṣé ọ̀yà ni? Èyí tó bá ti ń sorí kọ́, mo máa ń yọ ọ́, mo máa ń fi òmíràn rọ́pò."

"Wọ́n máa ń sorí kọ́?"

"Ta ni kì í rẹ̀? Ṣebí iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe."

Ó sọ ọ́ láìtijú! Eku tuntun ni àwọn èèyàn ń wò, wọ́n rò pé ti àná ni.

Mo fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì tó ń mójú tó oògùn. Wọ́n ti kó àwọn ìgò rẹ̀. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ní àwọn máa yẹ̀ wọ́n wò, bí èsì bá burú, ó di ilé ẹjọ́. Àwọn eku ńkọ́? Ó ní àwọn fi wọ́n sílẹ̀ fún un, òfin ò ní kéèyàn má sin eku.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àná ni wọ́n tó jẹ ẹ̀kọ tí kò padà.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fi ẹranko jẹ́rìí oògùn fún yín, ẹ bi í pé inú ẹranko náà ńkọ́. Ọ̀gá yẹn ní ẹjọ́ ò lè dúró láìsí ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá ti mu nínú oògùn Dókítà Eléku, ẹ má da ìgò nù, ẹ kọ ohun tó ṣe yín sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí. Eku kì í bì, kì í sì í rojọ́. Àwa lè rojọ́.