Bàbá Mi Ní Òun Ń Mánéèjì

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ń mánéèjì, bẹ́ẹ̀ oró paramọ́lẹ̀ ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọdún tó kọjá ni, nígbà tí a ń ṣa kajú. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Oko wa lọ́nà Odò-Àpé ló wà tí ejò inú ewé gbígbẹ fi bù ú ṣán lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo wá sílé fún ọjọ́ méjì péré láti ibi iṣẹ́ ìròyìn. Aládùúgbò kan yá wa ní ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní bíréèkì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú, kí a mánéèjì rẹ̀.

Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ n kò rò pé ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbé iyán síwájú àlejò, tí ẹran kún inú ọbẹ̀, yóò ní kí wọ́n máa mánéèjì rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin wà nílé ọkọ, a bi í bí nǹkan ṣe ń lọ, ó ní àwọn ń mánéèjì. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí a tó mọ̀ pé ọkùnrin náà ń lù ú. Lẹ́nu bàbá mi ní tirẹ̀, ohun tó ń wí ni pé kí ẹnikẹ́ni má da ara rẹ̀ láàmú nítorí òun.

Èrò kún ilé ìwòsàn tí mo gbé e dé ní Kàbà, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó kí wa bí àwọn ará agbègbè wa ṣe ń kí ara wọn pé, “Okun o, Bàbá.” Bàbá mi dáhùn, ó tún béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì náà. Mo ní ejò ló bù ú jẹ. Nọ́ọ̀sì bi í bí ara ṣe rí.

“A ń mánéèjì, ọmọ mi.”

Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní ejò mìíràn a máa bu ènìyàn jẹ láìtu oró, ó sì sáré tọ obìnrin kan tó ń rọbí lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún padà wá béèrè. Ìdáhùn kan náà ló gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́rìí ni mo fi ń jẹun láti ogún ọdún sẹ́yìn. Mo jókòó ti ẹlẹ́rìí yìí, mo sì gbà á gbọ́.

Ìyá mi, tí a fi sílé, ló dé tó wo bàbá mi lójú, tó rí i pé ó ń gbé nǹkan mì ṣáá.

“Bàbá wọn, ẹ lanu.”

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó lanu, gbogbo eyín rẹ̀ ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Ìyá mi bi í pé kí ló dé tí kò tu ú dànù.

“Ilé onílé nìyí,” ni bàbá mi wí. “Ibo ni kí n tu ú sí?”

Ìyá mi lọ di nọ́ọ̀sì lápá mú. “Ọmọ mi, má bi í ní nǹkan mọ́. Èmi ni kí o bi. Ọkọ mi ń kú lọ.”

Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó gbé e sórí tábìlì láti wò ó bóyá yóò dì, nítorí oró ejò kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ogún ìṣẹ́jú ni a fi wò ó. Nígbà tó tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀jẹ̀ náà ṣàn bí omi. Ẹsẹ̀ ti wú dé itan.

Dókítà jáde sí wa. Ó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ti tán lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ ti gbéra ní Lọ́kọ́ja.

“Tó bá ti dé, a ó fún Bàbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀,” ló wí. “Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, a ó tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí kò bá tíì dì, a ó fún un ní òmíràn. Títí ọkọ̀ náà yóò fi dé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.”