Púlọ́ńbà Tó Ń Jókòó Lórí Báàgì Rẹ̀

Báàgì irinṣẹ́ ni àga púlọ́ńbà wa n'Íbarà. Tó bá ti wọlé, á gbé e kalẹ̀, á jókòó lé e, á wá máa kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan títí inú á fi bí bàbá mi.

Lọ́dún tí wọ́n bí àbúrò mi, hítà ilé ìwẹ̀ wa ń ṣe ségesège. Nígbà míì omi á gbóná, nígbà míì á tutù bí omi àmù, ọmọ tuntun á sì ké títí. Bàbá mi ti fẹ́ ra òmíràn kó tó pe púlọ́ńbà wá.

Púlọ́ńbà kí ìyá ìyá mi, tó wá ń bá wa wẹ ọmọ. "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Màmá. Ṣé ẹ ti kírun ọ̀sán?"

"Mo ti kí i. Mo kọ́kọ́ pa iná hítà yẹn ná, bí mo ṣe máa ń yọ igi lábẹ́ ìkòkò kí n tó kírun nílé. Tí n bá rántí, màá tún tàn án. Ta ni ì bá máa ṣọ́ ọ?"

Bàbá mi lanu. Púlọ́ńbà ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ máa tàn án tí ẹ bá ti kírun tán. Mi ò fọkàn tán ẹlòmíì."

Bí Màmá ṣe di ọ̀gá hítà nìyẹn. Á kírun tán, á tan iná, á ké sí gbogbo ilé pé, "Ó ti ń jó o."

Títí púlọ́ńbà yẹn fi kó kúrò n'Íbarà, mi ò rí i kó ṣí báàgì rẹ̀ rí.