Ìgò Kan Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Gọ́tà

Bàbá Ìṣẹ́jú ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin tó ń tún aago ṣe nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta náà, wọn ò sì ṣì í pè rárá. Ẹni tó lè fi wákàtí méjì gbáko wá síkúrù kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ṣé ẹni tí ẹ máa sọ fún pé "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa" nìyẹn? Kò sí fẹ́rẹ̀ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ìwà yìí náà ló gbé wọ ọ̀rọ̀ ọtí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, oníbàárà kan tó tún aago ọwọ́ ṣe fún gbé ìgò bíà kan wá fi dúpẹ́. Péèlì éèlì ni, bíà tó mọ́ bí oyin, tó korò díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ dà bí èèpo ọsàn. Ó mu ún lọ́sàn-án ọjọ́ náà nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó lá ìdí gíláàsì. Ìgò náà ò ní orúkọ lára, oníbàárà náà sì ti kó lọ sílùú mìíràn. Ni ọ̀gbẹ́ni bá ní òun á pọn ọ́n fúnra òun. Ó sọ yàrá ẹ̀yìn di ibi ìpọntí: garawa ńlá kan, ìkòkò kan, àti aago mẹ́ta tó fi ń ka ìṣẹ́jú tí ọtí ń hó.

Kò rí i. Èyí àkọ́kọ́ korò bí jogbo. Ó dín họ́ọ̀pù kù, òdòdó tó ń mú bíà korò, ọtí ṣì korò. Ó yí omi padà, ó yí ìwúkàrà padà, pàbó ni. Ẹ̀ẹ̀meje ló pọn ọ́n, ẹ̀ẹ̀meje ló dà á sí gọ́tà, kò sì jẹ́ kí ẹnì kankan tọ́ ọ wò. "Ohun tí kò tẹ́ èmi lọ́rùn, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹlòmíì." Òun nìkan ló ń tọ́ ọ wò, láàárọ̀ Sátidé, kó tó jẹun, kí ẹnu lè mọ́ tónítóní.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "màmá mi ń bọ̀ wá bá wa gbé ní Sọ́ńdè. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n á máa sùn. Mo ti ní sùúrù débi tó ti rẹ sùúrù fúnra rẹ̀. Èyí tó wà nínú ìgò yìí, òun ló kẹ́yìn."

Ìkẹjọ ló wà nínú ìgò, ìgò mẹ́rìnlélógún. Bí kò bá rí adùn tó ń wá nínú rẹ̀, ó parí nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ó fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ọjọ́ ńlá ni. Ó ṣí ìgò kan. Àwọ̀ rẹ̀ dáa, fọ́ọ̀mù orí rẹ̀ dúró. Ó tọ́ ọ wò. Ìkorò burúkú yẹn náà ni!

"Kí ni mo ṣe fún ọtí yìí gan-an?" Ó kó gbogbo ìgò jáde, ó ń dà wọ́n sí gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bú wọn bí ó ti ń dà wọ́n. Òun tó ń ka ohun gbogbo, inú tó ń bí i ò jẹ́ kó ka ìgò. Ó gbé garawa fún ìyàwó rẹ̀ pé kó máa fi rẹ aṣọ.

Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wá bá wọn palẹ̀ yàrá náà mọ́. Nọ́ọ̀sì ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá Ìṣẹ́jú bá òun àti ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná, nọ́ọ̀sì mú gíláàsì ọtí kan lọ́wọ́.

"Ọkọ wa, ẹ gba èyí mu díẹ̀. Ojú yín ti le jù."

Ó gbà á kó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnu rẹ̀. Ó fẹnu kàn án. Ó dúró. Ó tún fẹnu kàn án. Èèpo ọsàn!

"Òun nìyí! Òun gan-an nìyí! Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rà á? Ẹ sọ fún mi kí n máa lọ!"

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn.

"Rà kẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọtí yín ni. Mo yọ ìgò kan sínú fíríìjì lánàá fún ẹ̀gbọ́n mi, kẹ́ ẹ tó dà á nù bí ìṣe yín."

"Irọ́ ni! Mo tọ́ ọ wò láàárọ̀, ó korò bí jogbo!"

"Kí lẹ jẹ kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"N ò jẹ nǹkan kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹnu ni. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ọṣẹ ìfọyín lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́, yẹ̀pẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Yéè! Ọkọ wa! Ọsàn gan-an á korò lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ ìfọyín fọ ẹnu!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ó dùn ún wọra. Bóyá èyí àkọ́kọ́ pàápàá ti dáa, ta ló fẹ́ mọ̀ báyìí? Gọ́tà nìkan ló mu ún.

"Ìyá wọn," ó ní jẹ́jẹ́, "garawa yẹn..."

"Bùláńkẹ́ẹ̀tì màmá mi ti wà nínú rẹ̀. A ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn náà sí yàrá ẹ̀yìn."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó yíjú sí gíláàsì tó ti gbé padà sórí tábìlì, ó na ọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì ti gbé e, ó ti gbé èyí tó kù mì.

"Ẹ má bínú, ọkọ wa," ó ní, ó ń nu ẹnu. "Ó dùn jù ni."

Láti ọdún méjì, òun lẹni àkọ́kọ́ tó yin ọtí náà.