Ìwẹ̀ Bàbá Kátíkísì

Òórùn èèpo ọsàn tó ń jó ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi ní Fìdítì, lọ́dún tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá òsì. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń sun èèpo ọsàn gbígbẹ nílé wa láti fi lé ẹ̀fọn, ìwọ náà sì mọ bí èéfín rẹ̀ ṣe máa ń wọ aṣọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n máa sun ún lọ́sàn-án gangan, nígbà tí kò sí ẹ̀fọn kankan nílẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Ẹ fẹ́ di ẹja yíyan, Bàbá.” Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì ní kí n kó èèpo sí i.

Kátíkísì ni wọ́n, nínú ìjọ Kátólíìkì kékeré tó wà láàárín àwọn Onítẹ̀bọmi àti Áńgílíkà ìlú wa. Ọ̀rọ̀ ìhòòhò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lẹ́nu wọn. Àwọn ló kọ́ wa pé nígbà tí Nóà mutí yó tó sùn sílẹ̀ láìsí aṣọ, àwọn ọmọ gidi fẹ̀yìn rìn lọ bò ó, èyí tó wò ó ló kó ègún wọlé. Kódà, nígbà tí wọ́n fi ère Jésù ọmọ ọwọ́ ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun, tó dé pẹ̀lú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí, bàbá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, wọ́n dá bùbá àti ṣòkòtò fún un kí Kérésì tó dé. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ mo fẹ́ràn wọn fún un. Lójú wọn, ẹni tó bá níyì, a máa ń bò ó ni.

Nítorí náà, nígbà tí àìsàn dé, tí ìyá mi ti kú, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì wà lókè òkun, tó wá ku èmi ọmọ wọn obìnrin, mo lè wẹ orí, apá àti ẹsẹ̀ fún wọn, ìyókù di èèwọ̀. Wọ́n á ní kí n pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan bu omi sára, láìbọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí ṣòkòtò.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ti pa èèpo ọsàn, tí kò gbaná. Ìgbà náà ni mo gbọ́ òórùn kejì. Bàbá mi ní alángbá ló kú sí àjà. Mo gbé wọn sókè díẹ̀, mo rí i pé ọyún ti rin aṣọ ibùsùn. Ojú kan tí wọ́n ń sùn sí, àti ṣòkòtò tútù tó máa ń gbẹ sí wọn lára, ti dá egbò sí wọn nídìí.

“Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Bàbá.”

“O ò ní rí ìhòòhò mi. Ọlọ́run á bo àṣírí mi.”

Mo pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ̀ fún òun náà, obìnrin ṣáà ni. Nọ́ọ̀sì fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní tí egbò náà bá dé eegun, yóò pa wọ́n, àfi tí a bá ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Inú bí mi, mo sì sunkún. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, pé ìtìjú ló pa bàbá wa?

Mo ránṣẹ́ pe Fáàdá wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ti Ìlọrà gun ọ̀kadà wá ṣe Máàsì fún wa. Inú bàbá mi dùn, wọ́n rò pé agbẹjọ́rò àwọn ló dé.

“Fáàdá, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.”

Fáàdá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń ṣíwájú wa ní Ọ̀nà Àgbélébùú ní gbogbo ìgbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Níbi tí wọ́n ti bọ́ Jésù láṣọ, ta ló ṣẹ̀ níbẹ̀?”

“Àwọn tó bọ́ ọ láṣọ. Wọ́n fẹ́ fi ṣẹ̀sín ni.”

“Ìyá rẹ̀ tó gbà á mọ́ra nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyá rẹ̀ ò ṣẹ̀.”

“Ara tí Ọlọ́run dá, ó dára. Ojú tí èèyàn fi ń wò ó ló lè bà á jẹ́. Ìtìjú yín náà dára, Bàbá, òun ló ń ṣọ́ iyì yín. Àmọ́ ẹ ní kí Ọlọ́run bo àṣírí yín, Ó rán ọmọ yín wá, ẹ tún ń tì í sóde.”

Bàbá mi wo Fáàdá, wọ́n sì yíjú sí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ mú ìró ìyá mi wá. Abẹ́ ìró náà ni mo ti wẹ̀ wọ́n, mò ń ká a sókè díẹ̀díẹ̀, mo sì ń bo ibi tí mo bá ti wẹ̀ tán. Wọ́n di ojú pinpin. Nígbà tí mo dé ojú egbò, omijé ń jáde lójú wọn, n kò sì mọ̀ bóyá ìrora ni àbí nǹkan mìíràn. Wọ́n kàn ní, “Rọra.”

Egbò náà san, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Bàbá mi kò yí ẹ̀kọ́ wọn padà, n kò sì fẹ́ kí wọ́n yí i. Ohun tó wá yé mi ni pé kì í ṣe ara ni wọ́n kórìíra. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí a máa wo ọmọ èèyàn bí ẹran lórí pákó alápatà.

Nígbà tí wọ́n kú, àwọn àgbà ọkùnrin ìjọ gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn wá, wọ́n ní kí àwọn obìnrin bọ́ síta. Mo ti dìde láti jáde. Fáàdá ló dá mi dúró, ó ní bàbá mi ti sọ fún òun pé, “Ọmọ mi obìnrin ni kó wẹ̀ mí. Kò wò mí ní ìwòkuwò rí.” Àwọn àgbà náà wo ara wọn, wọ́n sì jáde. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì wẹ bàbá mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ojú kò tì mí, mo sì mọ̀ lọ́kàn mi pé ojú kò ti bàbá mi náà.