Ẹni Tó Ń Gbọ́ Ìwé Ìfẹ́ Lẹ́yìn Ògiri

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán gangan, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú yàrá Tèmi, ọmọ mi. Ohùn náà ń ka ìtàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ fún ọmọbìnrin náà pé òun kò ní jẹ́ kó lọ láéláé. Mo pe Tèmi, kò dáhùn. Nígbà tí mo wọlé, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ ló wà lórí ìrọ̀rí, tó ń ka ìwé ìfẹ́ fún bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù.

Tèmi wọlé pẹ̀lú aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ìwé lásán ni. Kí ló dé tí ẹ ń wo ògiri?"

Mi ò mọ̀ pé ògiri ni mò ń wò.

Kí ẹ má rò pé mo kórìíra irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Tèmi ti ń fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì ìdáná ni mo ti ń kà wọ́n, àwọn tó jáde lọ́dún yìí àti àwọn tó jáde lésìí. Mo fẹ́ràn pé àwọn ọmọbìnrin inú wọn ní iṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí: ọ̀kan ń ṣe búrẹ́dì, ọ̀kan jẹ́ dókítà ẹranko, ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń bá ìyá rẹ̀ jà lórí fóònù gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń jà nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí gbogbo ọkùnrin inú wọn fi ga? Ṣé àwọn tó kúrú kì í láya ni? Kí ló dé tí àwọn méjèèjì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kórìíra ara wọn, tí òjò á wá ká wọn mọ́ ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo?

Ìyẹn ò burú, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ti ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin kiri, tó ń yẹ fóònù rẹ̀ wò, tó lọ ra ilé-iṣẹ́ tí ọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ kó má baà lè lọ síbòmíràn, tí òǹkọ̀wé sì ń sọ fún wa pé ìfẹ́ ló ń pa á. Níbi tí Tèmi ti ń mí kanlẹ̀ pé ó dùn, ibẹ̀ ni mo ti máa ń pa ìwé dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ọmọ òde òní.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí àwọn òbí mi mú mi wá sí Houston ní Amẹ́ríkà. Àdúgbò Gulfton la kọ́kọ́ gbé, nínú àwọn àpátímẹ́ǹtì tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ epo kún inú wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ epo dà rú, àwọn ọ̀dọ́ náà kó lọ, ó wá ku àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwa àti yàrá òfìfo. Bí o bá ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ̀wà tó ń hó á máa ta sánsán lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e á dákẹ́ bí ẹni tó sé èémí. Omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ti di àwọ̀ ewé, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì ti gbà á. Ooru ibẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n fi bo èèyàn lójú.

Àwọn òbí mi kì í tètè dé. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ Àǹtí Fọlákẹ́ ni mò ń lọ, tí wọ́n ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa. Ilé wa àti ilé wọn nìkan ni ilé Yorùbá nínú gbogbo ọgbà yẹn. Àǹtí ń tọ́jú àwọn arúgbó ní òru, wọn á sì sùn di ọ̀sán. Nígbà tí mo bá fi máa dé, wọ́n ti jí, wọ́n ti din dòdò, ìwé ìfẹ́ sì ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan àlòkù ni wọ́n ti ń ra àwọn ìwé náà, ẹ̀kún àpò kan lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo èèpo wọn ni Àǹtí fi bébà kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bò, nítorí ọkùnrin tó máa ń wà níbẹ̀ kì í sábà ní bọ́tìnnì lára. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni Àǹtí fi ń kà á jáde, torí ìyá mi ti bẹ̀ wọ́n pé kí èdè má baà bọ́ lẹ́nu mi. Bí wọ́n bá dé ibi tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́, wọn á ní, "Àwọn méjèèjì wá kí ara wọn." Lẹ́yìn náà wọn á ṣí ojú ìwé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé kíkí ló pẹ́ tó yẹn.

"Ẹbí wọn pọ̀," ni Àǹtí wí. "Àlàáfíà gbogbo wọn ni wọ́n ní láti béèrè."

Nígbà tó tó nǹkan bí oṣù méjì tí mo ti ń lọ sọ́dọ̀ wọn la kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àǹtí ń ka ibi tí ọmọbìnrin kan ti ń di ẹrù rẹ̀ láti fi ọkùnrin kan sílẹ̀, nǹkan kan sì kan ògiri lẹ́yìn àga wa. Gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀. Kò dà bí ẹni tó ní kí a dákẹ́. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Yàrá ìkẹyìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn, a sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìwé tí a bá kà ni ẹni náà ń sọ èrò rẹ̀ sí. Bí ìtàn bá ń lọ jẹ́jẹ́, a ó máa gbọ́ ìró kékeré, bí èékánná tó ń rìn lára ògiri. Bí àwọn méjì inú ìwé bá jókòó jẹun, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó níbi tí a bá dé tí ìkànkùn á bẹ̀rẹ̀, Àǹtí á sì mi orí. "O rí i? Òun náà ò fẹ́ràn ọkùnrin yìí." A ti sọ ọ́ di ẹnì kẹta wa. Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù tí mo fi ń sún mọ́ Àǹtí lórí àga ni pé bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì kà á, kò sí ìró rárá. Yorùbá nìkan ni ẹni náà ń gbọ́.

Nígbà tó yá, Àǹtí lọ pe máníjà, bàbá òyìnbó kan tó ń tiro. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà fún wa. Wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, eruku sì tẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì láìsí ipa ẹsẹ̀. Àga onígi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó kọjú sí ògiri wa. Ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ á kan ògiri. Máníjà ní òun ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ó gbé e jáde, ó jù ú sí ibi ìdalẹ̀nù.

Lọ́jọ́ kejì, ìró náà tún dé. Ìsàlẹ̀ ló ti ń wá báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀, bí ẹni tó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí a ò sá. Àǹtí ní àwọn arúgbó tí àwọn ń tọ́jú máa ń kan ògiri bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún ṣí ìwé.

Láàárín ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Akin bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Baytown ni wọ́n ń gbé, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wakọ̀ wá pẹ̀lú ẹja tí wọ́n fúnra wọn pa. Wọ́n kúrú, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fẹ́ kí Àǹtí wá di ìyàwó wọn ní Baytown.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, Àǹtí ò mú ìwé. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní, "Ìtàn tòní ò sí nínú ìwé." Wọ́n wá sọ ti obìnrin kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó ń dá gbé, tí ọkùnrin kan ní Baytown fẹ́ fi ṣaya. Wọ́n béèrè pé, "Ṣé kí ó lọ?"

Ìkànkùn náà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹnu dé, kò sì dáwọ́ dúró. Àwòrán ìyá Àǹtí jábọ́ lára ògiri, dígí rẹ̀ fọ́. Mo di Àǹtí mú, àwọn náà di mí mú, títí ó fi rọlẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Àǹtí sọ fún Bọ̀dá Akin pé kí wọ́n má wá mọ́. Mo rí Bọ̀dá láti orí àtẹ̀gùn bí wọ́n ṣe padà sínú ọkọ̀. Wọ́n jókòó pẹ́ kí wọ́n tó ṣáná sí i.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun kan ń yọ mí lẹ́nu. Mo ti ń fetí sí ògiri ju Àǹtí lọ, nítorí èmi kò ní ìwé tí mò ń wò. Nígbà tí mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo sọ ọ́.

"Àǹtí, kì í ṣe torí ọkùnrin burúkú ló ṣe ń kàn. Ó kàn nígbà tí sójà inú ìwé yẹn lọ sógun. Ó kàn nígbà tí ọmọbìnrin yẹn fẹ́ lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò nílé ló ń kàn."

Àǹtí wò mí. Wọ́n mú ìwé kan tí a ti kà tán, wọ́n wá ibi tí ọmọ kékeré kan ti dágbére fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀, tó ń lọ sílé-ìwé. Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Wọ́n kà á jẹ́jẹ́.

Ìsàlẹ̀ ògiri dáhùn. Gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀.

Àǹtí pa ìwé dé. Ojú wọn yí padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ni mo rí níbẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ kí ẹnu wọn lè bá ibi tí ìró náà ti wá dọ́gba. "Ẹ ṣeun tí ẹ ń gbọ́ mi," ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. "Ẹ ò fẹ́ kí n lọ ni. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n mò ń lọ o."

Kò sí ìró kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe Bọ̀dá Akin lórí fóònù. Kí oṣù tó parí, Àǹtí ti kó lọ sí Baytown.

Ìdílé kan láti El Salvador ló gba yàrá wọn. Ìyá ibẹ̀ máa ń kọrin Sípáníìṣì fún ọmọ ọwọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan rí. Mo lọ bá ọmọ náà ṣeré lọ́jọ́ kan, ìyá mi sì pè mí láti òkè. Láìronú, mo pariwo dáhùn ní Yorùbá: "Mò ń bọ̀, mà."

Ó kàn. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń béèrè bóyá èmi ni.

Mi ò sọ Yorùbá mọ́ nínú ọgbà yẹn. Bí ìyá mi bá sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dáhùn. Wọ́n gbàdúrà lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rò pé Amẹ́ríkà ti gba èdè lẹ́nu mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé pé mò ń sá fún ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ìgbà tí a kó lọ sí Sharpstown, lẹ́yìn ọdún kan, ni ahọ́n mi tó tú, ìyá mi sì jó yíká páálọ̀ tí a kò tíì kó àga sí.

Wọ́n ti kun àwọn àpátímẹ́ǹtì Gulfton yẹn ní ọ̀dà tuntun. Mo gba ibẹ̀ kọjá lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ Yorùbá mọ́, àfi bí ó bá kan oúnjẹ àti ìkíni. Ẹ̀rọ ló ń ka ìwé fún wọn báyìí. Ohùn rẹ̀ dùn ju ti Àǹtí lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́.

Àǹtí ti di ìyá àgbà. Mo bi wọ́n léèrè lésìí pé ta ni wọ́n rò pé ẹni ẹ̀yìn ògiri yẹn jẹ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, àmọ́ àwọn ṣì ń gbàdúrà fún un. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lọ kí àbúrò wọn ní Abẹ́òkúta fún oṣù mẹ́ta. Orúnkún Bọ̀dá Akin ò jẹ́ kí Bọ̀dá lè bá wọn rin irú ìrìn àjò yẹn mọ́. Bọ̀dá á gbé àpótí sínú ọkọ̀, wọn á gbé Àǹtí dé pápákọ̀ òfurufú, wọn á dúró síbẹ̀ títí ojú wọn ò fi ní tó Àǹtí mọ́, wọn á sì padà sí Baytown lọ dá jẹun.

Mo sọ fún Tèmi pé kó wá ìwé ìfẹ́ tó rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní kò sí ẹni tó máa rà á.

Bóyá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nínú ìwé ìfẹ́ nìyẹn: ibi tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti sọ pé òun fẹ́ lọ. Bí ẹnì kejì bá dínà mọ́ ọn, mo máa ń dá ìwé náà padà sórí tábìlì. Bí ó bá bá a gbé ẹrù, màá jókòó, màá kà á dópin.